Igbó Tí Ń Ki Aya Aláya

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1987, Àwẹ̀ró ìyàwó mi kú ní ilé ìwòsàn. A sin ín ní ọjọ́ kejì. Òjò rọ̀ díẹ̀.

Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹjọ, àwọn ènìyàn pé sí abẹ́ igi ìyeyè iwájú ilé mi láti bá mi kẹ́dùn. Wọ́n ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù." Mo ní, "A dúpẹ́." Wọ́n ní, "Ẹ̀yìn rẹ̀ á dára." Mo ní, "Àṣẹ." Ó tán. Ọ̀rọ̀ mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì sunkún. Láróyè, àbúrò ìyàwó mi, tí ẹnu rẹ̀ kò mọ ìsinmi láti kékeré, gbé ife ẹmu rẹ̀ kalẹ̀.

"Bàbá Ọdẹ, ẹ má bínú sí mi o. Àwọn ará ilé wa ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ọkọ ẹ̀gbọ́n wa kò tilẹ̀ fajú ro. Wọ́n ní bí ó bá jẹ́ ajá ọdẹ yín ni ó kú, ẹ ó ṣe jù báyìí lọ."

Ìyá Adétòrò, aládùúgbò wa, pariwo mọ́ ọn: "Láróyè! Ṣé o ti yó ni?"

"N kò yó, ìyá. Mo ń béèrè ni."

Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Àna mi ni, ìbéèrè rẹ̀ kò sì burú. Mo ní, "Láróyè, ẹ bu ẹmu sí i. N ó sọ ìrìn tí mo rìn nítorí ẹ̀gbọ́n yín fún yín, nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Bí mo bá sọ ọ́ tán, kí ẹ tún ìbéèrè yín béèrè. Ẹni tí oorun bá ń kùn kí ó lọ sílé nísinsìnyí. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ já ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, kí ó kọ́kọ́ fi orí ẹfọ̀n tí òun pa hàn mí."

Kò sí ẹni tí ó dìde. Kò sì sí ẹni tí ó ní orí ẹfọ̀n.

*

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọdẹ tí kò lè sun ìjálá, apẹran lásán ni. Ẹ wò mí dáadáa. Nígbà èwe mi, kò sí ohun abẹ̀mí kan nínú igbó tí n kò lè kì. Mo ki erin títí erin fi dúró tẹ́tí sí oríkì ara rẹ̀, tí ó gbàgbé láti sá. Mo ki ẹfọ̀n, ẹfọ̀n mi orí bí ẹni tí a fẹ́ fi jẹ oyè. Mo tilẹ̀ ki ìgbín. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ta ni nínú yín ni ó lè ki ìgbín kí ó yọ ìwo méjèèjì jáde láti wo ẹni tí ó mọ òun tó bẹ́ẹ̀?

Inú igbó nìyẹn o. Ní ilé, bí Àwẹ̀ró bá gbé oúnjẹ kalẹ̀ tí ó ní, "Ọkọ mi, ṣé ó dùn?" èmi a ní, "Ṣebí mo jẹ ẹ́ tán." Bí ó bá wé gèlè tuntun tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ níwájú mi, èmi a wo ojú ọ̀run, n ó ní, "Òjò ń ṣú. Ẹ kó aṣọ wọlé." Bàbá mi ni ó kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ó ní akọ igi kì í ṣoje, ọkùnrin kì í sì í tú inú rẹ̀ fún obìnrin. Mo gba ẹ̀kọ́ náà gbọ́, mo sì yege nínú rẹ̀.

Ní àkókò olú, Àwẹ̀ró àti Ìbídọlá, aya Ajíbọ́lá ahunṣọ, jọ lọ ṣa olú ní etí igbó. Ìbídọlá nìkan ni ó padà. Ó gbé agbọ̀n méjì lórí.

Mo ní, "Ìyàwó mi dà?"

Ó ní, "A gbọ́ ohùn kan láti inú igbó. Ohùn náà ń ki Àwẹ̀ró. Ó kì í, ó kì í. Àwẹ̀ró gbé agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, 'Ta ni ó mọ̀ mí tó báyìí?' Ó sì tẹ̀ lé ohùn náà wọlé."

"Ìwọ ńkọ́? Ohùn náà kò kì ọ́ ni?"

"Ó kì mí dáadáa. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ti kì mí kí n tó jáde ní àárọ̀. Etí mi ti yó."

Ẹ̀yin ènìyàn, Ajíbọ́lá yìí, akólòlò ni! Kí ó tó ki aya rẹ̀ dé ìdajì, oòrùn á ti gun òkè. Ṣùgbọ́n aya Ajíbọ́lá ni ó padà wálé, aya èmi Ọdẹ́níran, ọ̀gá nínú ìjálá sísun, ni kò padà. Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Mo lọ bá bàbá mi. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Igbó Àpọ́nlé ni ó wọ̀. Ìwin kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Ẹnudùn-ju-oyin. Aya tí ọkọ rẹ̀ kò bá kì, òun ni yóò bá a kì í. Ohun tí a fi oríkì kó lọ, oríkì ni a fi ń gbà á padà. Ìbọn kò já mọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Bí oṣù tuntun bá sì lé lórí aya rẹ níbẹ̀, kò ní í rántí ọ̀nà ilé mọ́ láé."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, ṣé oríkì nìkan ni? Ẹ kàn sọ pé ó ti dé." Síbẹ̀ mo gbé ìbọn mi, nítorí bí ọdẹ kò bá gbé ìbọn, ta ni yóò mọ̀ ọ́n ní ọdẹ?

Bí mo ṣe rìn dé ibẹ̀, ẹ má bi mí. Bí mo bá ṣàlàyé ọ̀nà ìwin fún yín tán, gbogbo yín ni yóò fẹ́ lọ, iṣu á sì jẹrà lóko.

*

Ohun tí mo kọ́kọ́ pàdé ni igi kan tí ó dúró sí àárín ọ̀nà gangan. Kò ní ewé, kò ní ẹ̀ka, ó dúdú bí irin. Mo yà sí ọ̀tún, ó yà sí ọ̀tún. Mo yà sí òsì, ó ti dé ibẹ̀. Mo fa àdá yọ, mo ní, "Kúrò lọ́nà! Èmi ni Ọdẹ́níran, ọmọ ẹkùn, akọ igi tí kì í ṣoje!"

Igi náà rẹ́rìn-ín títí èèpo ara rẹ̀ fi ń já bọ́. Ó ní, "Èmi gan-an ni Akọ-igi. Ta ni ó sọ fún ọ pé n kì í ṣoje?"

Mo ní, "Gbogbo ayé ni ó ń sọ ọ́."

Ó ní, "Gbogbo ayé kò tíì bi mí. Wo ẹ̀yìn mi." Mo yí lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn, oje ti dàpọ̀ níbẹ̀ bí odò kékeré, oyin igbó ń mu níbẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ ń wẹ̀ níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yìn ni mo ti ń ṣe é, kí ẹ̀yin tí ń kọjá níwájú má baà rí i. Ó rẹ̀ mí. Ọdẹ, bí o bá fẹ́ kọjá, dáhùn èyí: kí ni ọkùnrin ń rù, tí bí ó bá ṣe ń sọ tó pé kò wúwo, bẹ́ẹ̀ ni ó ń wúwo sí i?"

Mo ní, "Itan ẹfọ̀n."

Ó ní, "Rárá."

"Ẹrù àna."

"Ó sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n rárá."

Mo ronú títí orí mi fi gbóná. Igi náà mí kanlẹ̀, ó ní, "Máa lọ. Ìlú tí ó wà níwájú yóò fi ìdáhùn hàn ọ́. Bí o bá rí i, fi ariwo sọ ọ́ kí n lè gbọ́ níbí." Ó sì fà sí ẹ̀gbẹ́, oje rẹ̀ ń tẹ̀ lé e bí ìrù aṣọ.

*

Ìlú náà ń jẹ́ Kòsíǹkan. Kò sí obìnrin kan níbẹ̀. Ọkùnrin ni gbogbo wọn, ikùn wọn sì tóbi bí ìkòkò aláró. Bí wọ́n bá ń rìn, ikùn wọn á máa ró gbọ̀lọ̀-gbọ̀lọ̀ bí omi inú akèrègbè. Ọkùnrin àkọ́kọ́ tí mo bá, ilé rẹ̀ ń jó lọ́wọ́. Mo kígbe pé, "Bàbá, iná! Ilé yín ń jó!"

Ó wo ilé náà, ó ní, "Kò sí nǹkan." Ikùn rẹ̀ ró gbọ̀lọ̀.

Mo rí òmíràn tí àgbò kàn ṣubú. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ó ní, "Kò sí nǹkan." Gbọ̀lọ̀. Ìkíni wọn nìyẹn, ìdágbére wọn nìyẹn. Bí ọmọ ìlú náà bá jí ní àárọ̀, òun fúnra rẹ̀ a bi ara rẹ̀ pé, "Ṣé dáadáa ni mo jí?" a sì dá ara rẹ̀ lóhùn pé kò sí nǹkan.

Wọ́n mú mi lọ síwájú ọba wọn, Oníkòsíǹkan. Àwọn abọ́baṣiṣẹ́ ni ó ń fi ọ̀pá gbé ikùn rẹ̀ ró. Ó ní, "Àlejò, a gbọ́ pé akíkanjú ni ọ́. Bí o bá yege nínú ìdánwò wa, a ó fi ọ́ jẹ Balógun. Bí o kò bá yege, a ó lé ọ jáde bí adẹ́tẹ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Kábíyèsí, ẹ dán mi wò."

Ẹ̀yin ènìyàn, wọ́n bọ́ ẹ̀wù mi, wọ́n sì fi wèrèpè pa mí lára láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ẹni tí wèrèpè kò tíì kàn rí nínú yín, kí ó má dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ara mi gbóná, ara mi yún mi, egungun mi pàápàá ń yún mi. Ọba ní, "Báwo ni?"

Mo ní, "Kò sí nǹkan."

Àwọn ìjòyè ní, "Háà!" Mo gbọ́ ohun kékeré kan nínú ikùn mi: gbọ̀lọ̀.

Wọ́n jẹ́ kí ìjàlọ gun mí. "Báwo ni?" "Kò sí nǹkan." Gbọ̀lọ̀-gbọ̀lọ̀. Wọ́n mú ìbọn mi, ìbọn tí mo jogún, wọ́n ṣẹ́ ẹ sí méjì níwájú mi. Ẹ̀yin ọdẹ tí ó wà níbí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. "Báwo ni?" Mo gbé itọ́ mì. "Kò sí nǹkan." Ikùn mi ti bẹ̀rẹ̀ sí ta ṣòkòtò mi síwájú. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìdáhùn àlọ́ Akọ-igi. Ẹkún tí a gbé mì ni. Omi tí kò gba ojú jáde ni ó kún inú gbogbo ìlú náà.

Ọba sunkún, àbí kí n ní ó fẹ́ sunkún, inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "A kò rí irú èyí rí! Ẹ gbé fìlà Balógun wá!" Wọ́n gbé fìlà náà, wọ́n fi kàn mí lórí, wọ́n fẹ́ dé e fún mi. Ìjòyè kan tí ó ti darúgbó ní, "Ẹ dúró, ó ku ìbéèrè kan. Ọdẹ, ìyàwó rẹ ńkọ́?"

Mo ya ẹnu láti ní kò sí nǹkan. Ẹnu mi kọ̀. Mo tún un yà. Ahọ́n mi dúró bí ẹṣin tí ó rí ejò. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn kan tí ó jọ ohùn mi, ó ní, "Ó ń dùn mí."

Ẹ ò bá wà níbẹ̀! Ìlú tú ká. Àwọn ìjòyè ń gun ara wọn lórí. Wọ́n ń pariwo pé, "Ó sọ ọ́! Ẹ di etí yín! Ó ń ràn!" Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó nígbà tí mo dé sá wọ inú eérú lọ fi ara pamọ́. Wọ́n ṣí bodè, wọ́n fi ọ̀pá gígùn tì mí jáde, wọ́n ju fìlà náà tẹ̀ lé mi nítorí pé ó ti kàn mí lórí, wọ́n sì fi igi ti bodè lẹ́yìn mi.

Mo jókòó sí ẹ̀yìn odi, mò ń họ ara. Mo fi ariwo ké sí Akọ-igi pé, "Ẹkún tí a gbé mì ni!" Mo gbọ́ tí ó fi ẹ̀rín dáhùn láti òkèèrè. Nígbà tí ó yá, mo gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti inú ihò kan lára odi.

"Ọdẹ. Ọdẹ, ṣé o ṣì wà níbẹ̀?"

Mo wò ó. Ojú kan ni mo rí, mo sì mọ̀ pé ọba ni, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ adé ń rọ̀ níwájú ojú náà.

Ó ní, "Báwo ni o ṣe sọ ọ́?"

Mo ní, "Kábíyèsí, mo kàn sọ ọ́ ni."

Ó ní, "Rọra sọ ọ́, kí n gbọ́ bí ó ṣe ń lọ. Olorì mi wọ Igbó Àpọ́nlé. Ó ti pẹ́ gan-an."

Mo ní, "Ó. Ń. Dùn. Mí."

Ó ní, "Ó... Ó ń... Ó ń d..." Ẹ̀yin ènìyàn, omi kan ṣoṣo jáde láti inú ojú ọba yẹn. Ó fi ìka gbà á, ó gbé e wò nínú oòrùn bí ẹni tí ó rí ohun tí ó ti sọnù. Ni ẹnìkan bá ké lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Kábíyèsí, kí ni ẹ ń wò níbẹ̀?" Ó ká ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Kò sí nǹkan!" Ó sì lọ. Ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ kò ró bí ti tẹ́lẹ̀. Mo tẹ́tí, mo sì mọ̀.

*

Mo wọ Igbó Àpọ́nlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí oṣù yóò lé. Mo rí àwọn obìnrin tí ó jókòó lábẹ́ igi ńlá kan, ojú wọn mọ́lẹ̀ bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó. Àwẹ̀ró wà láàárín wọn. Ní orí ẹ̀ka ni Ẹnudùn-ju-oyin wà. Ìwin náà kò ní ara púpọ̀. Ẹnu ni ó pọ̀ jù lára rẹ̀. Ó ń ki ìyàwó mi lójú mi báyìí:

"Àwẹ̀ró, ọmọ tí a wẹ̀ tán tí odò ń dúpẹ́.
Àwẹ̀ró, a-rìn-lórí-ewé-gbígbẹ-kí-ewé-ó-tún-tutù.
Bí o bá rẹ́rìn-ín, àkùkọ a ní ilẹ̀ mọ́.
Bí o bá dákẹ́, igbó a bi ara rẹ̀ pé kí ni òun ṣe."

Mo gbà pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọlọ́jà kì í pe ọjà ẹlòmíràn ní búburú lójú ẹni tí ń rà. Mo bọ́ síwájú, mo kọ ohùn.

"Ìwin, mo wá gba ìyàwó mi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọkọ dé! Ó dára. Kì í, kí á gbọ́. Bí tìrẹ bá wọ aya rẹ létí ju tèmi lọ, mú un lọ."

Àwẹ̀ró wò mí. Kò dìde. Ó kó ẹsẹ̀ jọ, ó fi ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tí ó wá wòran.

Mo ha ọ̀fun. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí baba ńlá rẹ̀. Mo ki ilé wọn láti ọ̀run wá. Mo ki àwọn tí ó fi idẹ ṣe ìlẹ̀kùn, mo ki àwọn tí ó fi eyín erin ta ayò. Mo ki wọ́n títí igbó fi dá wáí. Ìwin náà pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n ìdílé bàbá rẹ̀ ni o kì yẹn. Ṣé bàbá rẹ̀ ni o fẹ́ fẹ́ ni?" Àwọn obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

Ara mi gbóná. Mo tún bẹ̀rẹ̀. "Àwẹ̀ró, òkè tí ń rìn lójú ọ̀nà, a-fi-ẹsẹ̀-kan-wó-igi..."

Àwẹ̀ró ní, "Ọkọ mi, erin nìyẹn."

Mo ní, "Ẹ dákẹ́ ná. Àwẹ̀ró, a-gún-iyán-má-kókò, a-pọnmi-má-dà-á-nù, a-jí-gbálẹ̀..."

Ó ní, "Ẹ̀yin ń ki odó àti àmù àti ìgbálẹ̀. Èmi dà?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó tán nínú mi. Èmi tí mo ki ìgbín! Mo wo ojú ọ̀run, mo rí i pé oòrùn ti wọ̀, ibi tí oṣù yóò gbà yọ sì ti ń funfun. Mo nawọ́ sí ìbọn. Ìbọn kò sí. Mo ronú ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wà. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wà sá. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ewé. N kò kọ ohùn. Mo kàn sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Àwẹ̀ró, ẹ̀rù ń bà mí."

Àwẹ̀ró gbé ọwọ́ kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Mo ní, "Láti ìgbà tí o ti lọ, etí ẹní ni mò ń sùn sí. N kò lè sùn sí àárín. Mo se ọbẹ̀, ó jóná, mo jẹ ẹ́, nítorí kò sí ẹni tí yóò bi mí bóyá ó dùn. Ó máa ń dùn, Àwẹ̀ró. Gbogbo rẹ̀ ni ó máa ń dùn. Gèlè tí o wé lọ́jọ́ tí mo ní òjò ń ṣú, òjò kò ṣú. N kò mọ ibi tí n ó gbé ojú sí ni, ó dára jù. Mo pa ẹfọ̀n, àyà mi kò já. Mo rí ẹní tí o kò sí lórí rẹ̀, àyà mi já. Bí o kò bá bá mi lọ, n kò mọ ohun tí n ó dà. N kò ní oríkì kankan fún ọ. Èyí ni mo ní."

Ohùn mi ti fọ́ kí n tó dé òpin. Omi ń bọ́ lójú mi, mo sì fi fìlà Balógun nù ún. Ó wúlò fún ìyẹn nìkan.

Ẹnudùn-ju-oyin ní, "Kì í ṣe oríkì nìyẹn! Kò ní ìró, kò ní ẹwà!"

Àwẹ̀ró gbé ojú sókè wò ó. Ó ní, "Ìwin, mo bi ọ́. Bí mo bá lọ, kí ni yóò ṣe ọ́?"

Ìwin náà ní, "Èmi? Kò ní í ṣe mí ní nǹkan kan. Olú ṣì ń hù. Ẹlòmíràn á wá ní ọ̀la."

Àwẹ̀ró dìde. Ó gbọn ewé kúrò lára ìró rẹ̀, ó tún gèlè wé. Ó wá dúró níwájú mi, ó ní, "Ọkọ mi, etí mi dí díẹ̀ níbi tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún un sọ."

Mo ní, "Níbo?"

"Láti orí ẹ̀rù."

"Àwẹ̀ró, oṣù ń yọ!"

"Ẹ yára sọ ọ́, nígbà náà."

Mo tún un sọ. Ní ojú gbogbo àwọn obìnrin yẹn, mo tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ń fi orí gbà á bí ẹni tí ń gbọ́ ìròyìn ọjà. Lẹ́yìn náà ni ó dì mí lọ́wọ́ mú, a sì sáré. Nígbà tí oṣù fi lé, ẹsẹ̀ wa ti tẹ ilẹ̀ ìlú wa. Mo ti gbọ́ nígbà tó yá pé obìnrin kan bi Ẹnudùn-ju-oyin ní irú ìbéèrè yẹn lẹ́yìn wa, ó sì gba ọ̀nà Kòsíǹkan lọ, bóyá Olorì ni. N kò lè búra.

*

Mo sọ ọ́ tán. Ẹmu Láróyè ti kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Adétòrò ní, "Bàbá Ọdẹ, ṣé lẹ́yìn ìgbà yẹn ẹ wá ń ki ìyá wa ní ilé?"

Mo ní, "N kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ń bi mí bóyá ó dùn, mo ń dá a lóhùn pé ó dùn. Nígbà mìíràn ó máa ń fẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Láróyè ní, "Ní ilé ìwòsàn ńkọ́? Ṣé ẹ sọ ọ́ fún un?"

"Mo sọ ọ́. Ó ní etí òun dí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́ bá wọn rẹ́rìn-ín. Ohun tí ó jáde kì í ṣe ẹ̀rín. Mo sunkún níwájú wọn níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí mi. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: mo rí i pé Láróyè ti kó ojú sínú àgbádá, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Kò sí ẹni tí ó bi mí ní ìbéèrè mọ́. Wọ́n jókòó tì mí títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, lẹ́yìn náà wọ́n lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí Àwẹ̀ró fi sílẹ̀ nìyí: aṣọ òfì kan tí kò tíì rán, àwọn adìẹ rẹ̀, ọ̀kan ń sàba, ata tí ó sá sórí àkísà, tí òjò ti pa, bàtà rọ́bà tí okùn ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ já tí ó ní kí n bá òun tún ṣe, orin kan tí ó mọ ìdajì rẹ̀, ilá tí ó ti gbó lórí igi nítorí kò sí ẹni tí ó já a, àti ọṣẹ dúdú nínú igbá ní ìdí àmù, tí ojú ìka rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ níbi tí ó ti bù ú kẹ́yìn, tí n kò sì tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bù lára rẹ̀.